Igi Tí Iná Kọ̀

Ẹni tí ó bá ń gbẹ́ ilẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ní abúlé, tí kì í ṣe pé òkú ni ó fẹ́ sin, tí kò sì ní ẹ̀bù iṣu lọ́wọ́, kí ó má ṣe bínú bí àwọn ènìyàn bá ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ojú mi ni ó ṣe. Ní abúlé bàbá mi, tí kò jìnnà sí Lálùpọn ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú, wọ́n rí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta bíi mẹ́rin tí mo ń gbẹ́ kòtò gígùn, tí mo ń to ìtì igi sínú rẹ̀, tí mo sì ń wa erùpẹ̀ bò ó. Kí ọjà tí ó tẹ̀ lé e tó ná, ìròyìn ti kàn káàkiri pé olùkọ́ yunifásítì ti ń ri nǹkan mọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ ogún. Ọ̀rọ̀ náà kì bá tí wúwo tó bẹ́ẹ̀, bí kò bá ṣe pé gbogbo abúlé ni ó mọ̀ pé àwa ọmọ bàbá kan náà kò fohùn ṣọ̀kan lórí ilẹ̀ yìí.

Iṣẹ́ tí mo ń jẹ ni láti máa yẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá wò, nítorí náà n kò lè ṣàì yẹ èyí náà wò. À ń sin òkú, à ń gbin àgbàdo, à ń ri oògùn mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó jẹ mọ́ fífi erùpẹ̀ bo nǹkan, ṣùgbọ́n ìrètí tí ó wà nínú wọn kò dọ́gba. Ẹni tí ó sin òkú kò retí pé kí ó jáde. Ẹni tí ó gbin àgbàdo ń retí pé kí ó jáde. Ẹni tí ó ri oògùn mọ́lẹ̀ ní tirẹ̀ ń retí pé kí agbára ohun tí òun rì jáde, kí ohun náà fúnra rẹ̀ má sì jáde láéláé. Bí mo ti rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé èyí tí mo ń ṣe sún mọ́ ìkẹta jù lọ. N kò wá lè bú àwọn ará abúlé pé wọ́n pa irọ́ mọ́ mi. Oògùn ni mo ń rì lóòótọ́, ilẹ̀ ni mo sì ń ṣe é fún.

Ilẹ̀ tí à ń wí yìí kò ju éékà mẹ́rin lọ. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní àwọn ọdún 1970, kòkó ni ó wà ní apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, iṣu àti àgbàdo ni bàbá wa sì ń gbìn ní apá òkè. Ọ̀dá ọdún 1983, nígbà tí iná ọyẹ́ jó oko kòkó ní ibi púpọ̀, kò ṣàì kan tiwa. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀gẹ́ ni a ń gbìn síbẹ̀ ní ọdọọdún. Nígbà tí ara bàbá wa kò gbé oko mọ́, àgbàro kan ni ó gbà á, òun náà ń gbin ẹ̀gẹ́ lé ẹ̀gẹ́. Níkẹyìn ni àwọn kan tí wọ́n ń wá ilẹ̀ pupa fún iṣẹ́ ọ̀nà wá bá wa. Wọ́n fún wa ní owó díẹ̀, wọ́n sì fi katakátá họ ojú ilẹ̀ apá etí títì lọ ráúráú. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ni ó ń mì. Katakátá ní tirẹ̀ mi kùkùté, kùkùté sì jáde; ara ilẹ̀ ni ó mì.

Lẹ́yìn ikú bàbá wa, àbúrò mi obìnrin, ẹni tí ó mọ ìṣirò owó jù mí lọ, pè wá jọ. Ó ní, “Bùọ̀dá mi, ẹ má bínú o. Ilẹ̀ yìí ti kú. Ẹ jẹ́ kí a tà á nígbà tí àwọn tí ń kọ́lé ṣì ń béèrè rẹ̀.” Òótọ́ ni ó sọ. Ìlú Ìbàdàn ti ń nasẹ̀ bọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Láti Mọ́níyà ní Akínyẹlé títí dé Ìyànà Ọ̀fà ní Lágelú, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà, ibi tí a mọ̀ sí oko ní ànà ti di ibi tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù sí lónìí. Ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn pé ilẹ̀ náà kò kú, ó ṣá ni. Gbogbo àgbẹ̀ ni ó ń sọ pé ilẹ̀ ṣá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a sì ń lò fún aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ti lọ. Aṣọ tí ó ṣá, a lè dá a padà sínú aró. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọdún mẹ́ta kí n tún ilẹ̀ náà rẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà nítorí pé èmi ni àgbà. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mọ̀ pé ohun tí mo fi dúró níwájú àwọn àbúrò mi ní ọjọ́ náà kò ju àkàwé lọ. Àkàwé kì í hu àgbàdo.

Kí ni àwọn bàbá wa ń ṣe tí ilẹ̀ wọn kì í fi í ṣá báyìí? Ẹ jẹ́ kí n yára sọ pé kì í ṣe pé wọ́n mọ idán kan. Àkókò ni wọ́n ní. Wọ́n á dáko lórí ilẹ̀ kan fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kí ó sinmi fún ọdún méje, mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igbó á tún gba ibẹ̀. Gbòǹgbò igi á wọlé lọ sí ibi tí gbòǹgbò àgbàdo kò lè dé, wọ́n á fa oúnjẹ wá sókè, ewé á sì máa já bọ́ lé e lórí. Nígbà tí wọ́n bá tún padà wá ṣán igbó náà, wọn kì í tú kùkùté. Igi ńláńlá tí wọ́n bá gé, ibi tí ó bá wó sí ni ó ń sùn sí. Wọ́n á kọ ebè yí i ká. Ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dáná sun, eérú rẹ̀ a sì bọ́ oko ọdún àkọ́kọ́. Ìtì tí iná kò lè jẹ tán, ikán, olú àti òjò ni yóò jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Mo rántí ìtì igi kan tí èmi àti àwọn àbúrò mi máa ń jókòó lé lórí jẹ iṣu sísun ní oko. Ní ọdọọdún ni ó ń rẹlẹ̀ sí i, títí ó fi di ọjọ́ kan tí a wá a tí a kò rí i mọ́. Ilá tí ìyá mi gbìn sí ojú ibẹ̀ ga ju bàbá mi lọ. Kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún wa pé ìtì náà ni a ń jẹ nínú ọbẹ̀.

Ohun tí ó yí padà ni pé àkókò ti tán. Ẹni tí ó ní éékà kan kò lè fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ilẹ̀ wa náà kì í sì í ṣe ilẹ̀ tí ó lè fara da ìyà púpọ̀. Ní ọdún 1962, wọ́n tẹ ìwé kan jáde ní Ìbàdàn, èyí tí Smyth àti Montgomery kọ lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Orúkọ àwọn ìlú wa ni wọ́n fi sọ oríṣìí ilẹ̀ tí wọ́n rí: ilẹ̀ Ìwó, ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, ilẹ̀ Oǹdó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí onímọ̀ nípa ilẹ̀ bá dárúkọ Ẹ̀gbẹ́dá ní òkè òkun, ó ṣeé ṣe kí ó má mọ ọ̀nà ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ irú ilẹ̀ tí à ń wí: ilẹ̀ pupa tí ó ní amọ̀ nísàlẹ̀, tí òkúta wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀ ní òkè. Ọrọ̀ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò jìn. Ìpele dúdú tínńrín tí ó wà lójú rẹ̀ ni ó gbé gbogbo rẹ̀ dání. Òjò tí ń rọ̀ ní Ìbàdàn, nǹkan bí mìlímítà 1,250 ní ọdún kan, kò kéré. Ṣùgbọ́n kì í wá déédéé. Ó máa ń dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, láti ìparí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta sì ni oòrùn àti ọyẹ́ ń pín ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí a bá họ ojú rẹ̀ lọ kò ní ibi tí yóò pa omi mọ́ sí de àkókò náà.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún wa. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967 ní ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ lẹ́bàá Mọ́níyà, kò jìnnà sí wa rárá. Ibẹ̀ ni Rattan Lal, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ti ṣiṣẹ́ láti ọdún 1970 títí di ọdún 1987. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí a bá fi katakátá ṣán igbó, àgbàrá ń gbé ilẹ̀ lọ ju bí a bá fi àdá ṣán an lọ fíìfíì. Wọ́n sì fi hàn pé bí a bá fi pàǹtírí oko tí ó tó tọ́ọ̀nù 4 sí 6 bo hẹ́kítà kan, àgbàrá kò ní rí erùpẹ̀ púpọ̀ gbé mọ́. Ní ọdún 2020, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn àgbáyé lórí ọ̀ràn oúnjẹ, èyí tí à ń pè ní World Food Prize. Níbẹ̀ náà ni B. T. Kang àti àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí gbin agúnmániyè àti Leucaena ní ìlà ìlà, tí wọ́n ń gbin àgbàdo sí àárín wọn, tí wọ́n sì ń gé ewé àti ẹ̀ka wọn lé ilẹ̀. Ọ̀nà náà dára. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé àwọn àgbẹ̀ tí ó gbà á kò pọ̀.

Ẹni tí ó bá mọ àṣà ilẹ̀ níní láàárín wa kò ní béèrè ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àgbàro tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá gbin igi, ẹjọ́ dé. Igi ni ẹ̀rí pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni. Báwo ni ìwọ yóò ṣe sọ fún ẹni tí a lè lé kúrò ní ọdún tí ń bọ̀ pé kí ó tọ́jú ilẹ̀ de ọdún mẹ́wàá? Àgbàro wa tí ó ń gbin ẹ̀gẹ́ lé ẹ̀gẹ́, n kò dá a lẹ́bi mọ́. Àwa ni a kò fún un ní ìdí tí yóò fi ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wá ń ri igi, mo ní àǹfààní kan tí òun kò ní: igi tí a rì, ojú kì í rí i, kò sì lè jẹ́rìí pé ilẹ̀ di ti ẹnikẹ́ni.

Ọdún àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ ti dé. Mo ti kà pé ní Jámánì àti Ọ́stríà, àwọn ológbà kan máa ń to ìtì igi jọ, tí wọ́n á da ewé, koríko àti erùpẹ̀ lé e títí yóò fi di òkè kékeré, tí wọ́n á sì gbin nǹkan sí orí rẹ̀. Hügelkultur ni wọ́n ń pè é. Ìgbéraga ìwé gbé mi. Ìjì ti wó igi máńgòrò tí bàbá wa gbìn sí ẹnu ọ̀nà oko. Mo ní kí wọ́n là á ní tútù. Mo lọ sí ilé ìlagi kan, wọ́n sì fún mi ní àpò iyẹ̀ pákó lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ńṣe ni wọ́n ń dáná sun ún níbẹ̀. Mo gé ẹ̀ka ìyeyè kún un. Mo to gbogbo rẹ̀ jọ, mo sì da erùpẹ̀ bò ó títí ó fi ga dé àyà mi. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo gbin àgbàdo sí i.

Àgbàdo náà hù, ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Omi òjò ń ṣàn kúrò ní ẹ̀gbẹ́ òkè náà, bí oòrùn bá sì ràn fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ a gbẹ táútáú. Ohun kan ṣoṣo tí ó dùn mọ́ ilẹ̀ ni ìyeyè. Ẹ̀ka ìyeyè tútù kì í kú bọ̀rọ̀. Ó rú jáde ní ibi mẹ́rin. Mo sin ín, ó gbà pé mo gbin òun ni. Àbúrò mi obìnrin wá, ó wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ya àwòrán àgbàdo náà, ó sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ yìí dùn mí ju èébú lọ.

Àbúrò bàbá wa obìnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oko, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ni ó là mí lóye. Ó tẹ̀ ba lórí ọ̀pá rẹ̀, ó wa ilẹ̀ náà díẹ̀, ó rí iyẹ̀ pákó tí ó ṣì funfun báláú. Ó ní, “Ọkọ mi, igi yìí ṣì ń jẹun. Ohun tí ó ń jẹun lọ́wọ́ kì í fún ni lóúnjẹ.” Mo ní, “Ẹ ṣé, mà. Kí ni kí n ṣe?” Ó ní, “Èwo ni kí n ṣe? Igi tí ẹ máa ń jù sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń wá igi ìdáná ńkọ́? Igi tí iná kọ̀, ilẹ̀ ń gbà á.”

Mo ti ka ohun tí ìyá yìí sọ rí nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò yé mi tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí nínú ilẹ̀ ni ó ń jẹ igi. Bí wọ́n bá ń jẹ kábọ́ọ̀nù tí ó pọ̀ nínú igi, wọ́n nílò náítírójìn pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹni tí ń jẹ ẹ̀kọ ti nílò ẹ̀fọ́. Ohun tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni kí kábọ́ọ̀nù jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 25 sí 30 náítírójìn. Iyẹ̀ pákó ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Nígbà tí wọn kò wá rí náítírójìn tí ó tó nínú igi, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yá a, àgbàdo sì ń pọ́n nítorí àìrí tirẹ̀ jẹ. Gbèsè ni. Igi tútù nínú ilẹ̀ kọ́kọ́ ń yáwó kí ó tó san án padà, ó sì ń san án pẹ̀lú èlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè dúró de ọjọ́ ìsanwó, kí ó má ṣe yá a. Imí adìyẹ ní tirẹ̀, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìlọ́po 10 náítírójìn rẹ̀ lọ. Bí a bá fi í kún igi, a ti bá igi san nínú gbèsè náà. Ilé adìyẹ sì pọ̀ káàkiri Ẹ̀gbẹ́dá àti Lágelú, tí imí rẹ̀ ń yọ àwọn tí ó ni ín lẹ́nu.

Ní ọdún kejì, mo yí ọwọ́ padà. Mo fi òkè sílẹ̀ fún àwọn tí ilẹ̀ wọn tutù. Tèmi, mo gbẹ́ kòtò, ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ó lè jẹ́ pé omi yóò ṣàn wọ inú rẹ̀ ni, kì í ṣe pé yóò ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Àwọn igi tí ó ti rà ni mo ṣà jọ: kùkùté àtijọ́, ìtì ọ̀pẹ tí olú ti ń hù lára rẹ̀, ẹ̀ka ayùnrẹ́ tí ó ti ń fọ́ lọ́wọ́, àti ìdajì máńgòrò bàbá wa tí òjò ọdún kan ti rọ̀ sí. Mo fi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún un. Yorùbá ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí. Ohun tí kò tó pọ́n àdá sí yìí kún fún omi. Mo da imí adìyẹ tí ó ti jókòó pẹ́ sí àárín wọn, mo bomi rin ín dáadáa, mo sì wa erùpẹ̀ padà lé e títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ dọ́gba. Igi tí ó bá ti rà báyìí dà bí kànìnkànìn: ó ń mu omi nígbà òjò, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí òjò bá lọ. Mo yẹra fún ẹ̀ka ìyeyè, akòko àti agúnmániyè tútù tí yóò rú jáde. Mo yẹra fún tíìkì tí ikán fúnra rẹ̀ ń sá fún. N kò sì gbẹ́ kòtò kankan sí ìtòsí ilé, nítorí ikán tí a bá pè wá jẹun lẹ́yìn ilé lè wọ àjà lọ wá ẹran sí i.

Ní ti ikán yìí, ó yẹ kí a tún ojú fi wò ó. Ọ̀tá ni a mọ̀ ọ́n sí. Síbẹ̀, ní agbègbè Yatenga ní ìhà àríwá Burkina Faso, níbi tí ilẹ̀ gbẹ ju tiwa lọ fíìfíì, Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ tí ó kú ní ọdún 2023, fi ikán ṣe alágbàṣe. Ó ń gbẹ́ ihò tí wọ́n ń pè ní zaï nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń da imí ẹran àti pàǹtírí sí i, ikán á wá nítorí rẹ̀, wọ́n á sì lu ilẹ̀ líle náà ní ihò tí omi òjò yóò gbà wọlé. Ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn sọ pé ó ti kú ni ó sọ di igbó, a sì fún un ní ẹ̀bùn Right Livelihood ní ọdún 2018. Ǹjẹ́ àwa kò mọ irú èyí tẹ́lẹ̀ bí? Iyẹ̀ròsùn tí babaláwo ń bù sí ojú ọpọ́n kí ó tó tẹ odù sí i, ìyẹ̀fun igi ìrosùn tí ikán ti jẹ ni. Lórí igi tí kòkòrò lọ̀ kúnná ni àwọn bàbá wa ti ń ka ohun tí ó farasin. Àwa tí a jogún wọn ń kó igi tí kòkòrò ń jẹ jọ ní gbogbo Àbámẹ́ta, a ń dáná sun ún, a sì ń pè é ní ìmọ́tótó.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé kì í ṣe ìfiṣòfò ni láti ri igi mọ́lẹ̀ nígbà tí àwọn opó ń rin ọ̀nà jíjìn wá igi ìdáná? Ìbéèrè gidi ni, Ìyá Oko ni ó sì ti dáhùn rẹ̀. Igi tí ó lè se ọbẹ̀ fún ènìyàn, kí a fi se ọbẹ̀. Èyí tí ó ti rà, tí èéfín rẹ̀ pọ̀ ju ooru rẹ̀ lọ, ilẹ̀ ni ó ni ín.

Nínú oṣù kejì ọdún kẹta, nígbà tí koríko gbogbo agbègbè náà ti di eruku, mo wa ojú kòtò kan wò. Ilẹ̀ náà dúdú, ó tutù lọ́wọ́ bí ìsàlẹ̀ ìkòkò omi. Gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ àti ilá ti wọ inú igi lọ, n kò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ ibi tí igi parí sí àti ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ekòló wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Mo bá ìjúbà náà lórí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́: kòtò mẹ́fà ni mo gbẹ́ ní ọdún méjì, ilẹ̀ tí ó yí wọn ká ṣì pupa bí ó ti wà. Éékà mẹ́rin kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin kan ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Bí ẹbí ṣe parí ọ̀rọ̀ náà nìyí: a ta éékà méjì etí títì, a sì fi méjì tí ó kù sílẹ̀. N kò jàre pátápátá, n kò sì jẹ̀bi. Àbúrò mi fi owó tirẹ̀ san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, ta ni yóò sì sọ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n kòtò méjì nínú mẹ́fà bọ́ sí apá tí a tà. Ní ọjọ́ tí ẹni tí ó rà á gbé katakátá wá láti tẹ́ ojú ilẹ̀, mo wà níbẹ̀, Ìyá Oko sì wà níbẹ̀. Nígbà tí irin náà kan kòtò àkọ́kọ́, ó gbé ilẹ̀ dúdú kítikìti sókè, òórùn rẹ̀ sì dà bí òórùn igbó lẹ́yìn òjò. Awakọ̀ náà dúró, ó yọ orí jáde, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ilẹ̀ yìí mà dára o! Ẹ ò bá má ta á.”

N kò rí èsì fún un. Ìyá Oko kò wá èsì. Ó ti rán ọmọ kan lọ mú páànù wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kó ilẹ̀ náà sínú rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà gbé e lọ sí apá tí ó kù fún wa, kí ó dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó sì tètè padà wá kó òmíràn. Èmi náà bọ́ bàtà mi, mo sì wá nǹkan tí mo lè fi kó o.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ilẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, tí ẹ sì ní ìdánilójú pé ẹ ó wà lórí rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta òní, ẹ yé dáná sun igi tí ó ti rà. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ń ro, ẹ fún un ní ọdún tí ó tó kí òun náà lè rí ìdí tí yóò fi gbẹ́ ẹ. Bí àwọn ará abúlé bá ní oògùn ni ẹ ń rì, ẹ má bá wọn jiyàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bù fún wọn nínú ilá rẹ̀.